Murdo Imrie àti Ẹni Mẹ́jọ Ọjọ́bọ̀

Títí di òní olónìí, ẹni tó bá dé ìlú etí òkun Balcraigie tó sì dárúkọ olóògbé Murdo Imrie, ọ̀rọ̀ adágún ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló tilẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ jù.

Inú oṣù kìn-ín-ní ọdún ni. Òtútù mú débi pé àwọn ẹyẹ òkun kò fò mọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn kiri orí pápá bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Murdo àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ninian Tulloch ń gbá gọ́ọ̀fù pẹ̀lú àwọn àgbà ẹgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Murdo gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó pupa fòò, irú èyí tí wọ́n ń lò nígbà òtútù kó má baà sọnù sínú yìnyín. Bọ́ọ̀lù náà fò sókè, ó yà sósì, ó bọ́ sórí adágún tó ti dì gbagidi, ó yọ̀ lọ títí, ó sì dúró sáàárín gbùngbùn rẹ̀.

"Fi òmíràn sílẹ̀ létí omi," Ninian sọ fún un. "A ó fi gbígbá ẹyọ kan jẹ ọ́ níyà, ọ̀rọ̀ parí."

"Ìyà kí ni? Òfin ní ibi tí bọ́ọ̀lù bá wà ni kí n ti gbá a. Ṣé o rí i níbẹ̀ àbí o ò rí i?"

"Mo rí i."

"Ó dáa. Bá mi di àpò mi mú."

"Murdo, o wúwo o!"

"Ọkùnrin yìí, gbogbo ayé mi ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ṣe lórí òkun. Ṣé ìwọ tó ń wa bọ́ọ̀sì ló fẹ́ wá kọ́ mi ní ìwà omi?"

Bí Murdo ṣe bọ́ sórí omi dídì nìyẹn, ó ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò bí ológbò tó fẹ́ jí ẹja. Ninian di ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ìró ọ̀pá, ó la ojú, ó rí bọ́ọ̀lù náà lókè, ó ń lọ tààrà, ó sì balẹ̀ wẹ́rẹ́ nítòsí ihò. Irú gbígbá bẹ́ẹ̀, Murdo kò gbá a rí ṣáájú ọjọ́ náà, kò sì gbá a mọ́ títí tó fi kú. Ó na ọ̀pá sókè, ó fò fẹ̀rẹ̀ fún ayọ̀. Fífò yẹn ni omi dídì kò gbà. Ó dún gbàràgàdà, Murdo sì rì wọ inú omi dé ìbàdí.

"Murdo! Ṣé o ṣì wà láyé?"

"Níbo ni bọ́ọ̀lù wà?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Na ọwọ́ wá jàre!"

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o! Mò ń bọ̀ wá gbá a wọlé."

Ó jáde, omi ń kán tótótó lára rẹ̀, ó sì gbá a wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ilé ẹgbẹ́, ṣòkòtò rẹ̀ ti dì gan-an bíi pákó, orúnkún rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè jókòó. Ńṣe ni wọ́n fi í ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná bí àkàbà, wọ́n sì fi ife wisikí sí i lọ́wọ́. Una tó ń se ọbẹ̀ fún ẹgbẹ́ sáré mú aṣọ ìnura wá, ó ń kígbe pé àgídí yóò pa ọkùnrin yìí. Murdo wò ó, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn kọ̀kọ̀kọ̀, ó ní, "Ìyá Ọlọ́bẹ̀, má dààmú. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ohun tí Murdo bá sọ, ńṣe ni wọ́n ń pín in sí méjì ní Balcraigie. Wọn á fi ìdajì kan fún atẹ́gùn, wọn á gbé ìdajì kejì lọ bèèrè lọ́wọ́ Rhona ìyàwó rẹ̀. Ẹja kan ṣoṣo tó fi ìwọ̀ pa nígbà èwe máa ń gùn sí i lọ́dọọdún. Níkẹyìn, ẹja náà ti gùn ju ọkọ̀ tí wọ́n fi pa á lọ.

Ṣùgbọ́n kí a tó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, ó yẹ kí a sọ ohun tó gbé ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lọ sórí pápá nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ikú Elspeth, ìyàwó Ninian, ló bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ tẹ̀dó sí Kánádà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ninian wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga tó dojú kọ àwòrán Elspeth, kò sì rí ìdí tí òun yóò fi dìde. Lọ́sẹ̀ kejì, Murdo gbé mọ́tò rẹ̀ wá síwájú ilé ní Ọjọ́bọ̀, ó tẹ fèrè mọ́tò, kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Aládùúgbò ọ̀tún yọjú, ti òsì yọjú. Ìyá arúgbó kan tó wà lódìkejì títì ló wá kan ilẹ̀kùn Ninian. Ó ní, "Ninian, mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n tí o kò bá bá wèrè yìí lọ, èmi náà á kú." Ninian wọ bàtà.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ. Wọn á rìn yí ìdajì pápá po, wọn á padà wọlé mu ọbẹ̀ ẹran àgùntàn gbígbóná, wọn á ta dómínò, wọn á jà nítorí dómínò, wọn á sì kọrin díẹ̀ tí ọdún tuntun bá ti ń sún mọ́lé. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n láàárín Ọjọ́bọ̀ kan sí òmíràn, ohùn tí Ninian ń gbọ́ nínú ilé rẹ̀ kò ju ti rédíò lọ, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ yìí ni okùn tí òun fi ń di ayé mú.

Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí Crichton sọ lọ́jọ́ kan jẹ́ ọ̀rọ̀ eré lójú rẹ̀. Crichton ni akọ̀wé ẹgbẹ́, ọkùnrin gbígbẹ tó máa ń wọ táì lọ síbi gbogbo, tí kò sì tíì pé àádọ́ta ọdún. Lójú àwọn àgbà, ọmọdé ni.

"Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ má bínú," ni Crichton fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi ìka ṣàtúnṣe táì. "Ìgbìmọ̀ ti jókòó. Ilé ńlá báyìí kò ṣeé máa dáná yá fún èèyàn mẹ́ta mẹ́rin. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá lọ, tí ẹni mẹ́jọ kò bá jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ọjọ́bọ̀ èyíkéyìí, a ó ti ilé yìí pa títí di ìgbà ìrúwé."

"Àwọn tó kàn wá mu ọbẹ̀ ńkọ́?" Una bèèrè láti ilé ìdáná.

"Ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ni, Una. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ọlọ́bẹ̀."

Ninian tẹjú mọ́ inú ife rẹ̀, ojú rẹ̀ sì funfun báláú. Murdo rí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ní, "Mẹ́jọ péré? Crichton ọmọ mi, o dẹ́rù bà wá lásán. Mo rò pé ogún lo máa sọ." Àwọn tó wà níbẹ̀ wo ara wọn. Márùn-ún ni gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, Una sì wà lára márùn-ún.

Bí Murdo ṣe sọ ara rẹ̀ di aṣọdẹ èèyàn nìyẹn. Àìrìn pọ̀ ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, ló máa ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá pàdé ní títì, yálà onítọ̀hún mọ gọ́ọ̀fù àbí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó kọ́kọ́ mú ni Haldane, dókítà eyín tó ti fẹ̀yìn tì. Haldane ní òun fẹ́ wá, ṣùgbọ́n tí òtútù bá ti mú, bọ́ọ̀lù a máa le bí òkúta, tí òun bá sì gbá a, gbogbo apá òun ni yóò máa gbọ̀n títí di alẹ́. "Ọwọ́ yìí ni mo fi yọ eyín àwọn ará ìlú yìí," ni ó wí. "Mi ò lè fi ṣòfò."

"Ṣé bọ́ọ̀lù gbígbóná lo fẹ́?" Murdo bèèrè. "Fi í sílẹ̀ fún mi."

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀lù Haldane ń fò bí ẹyẹ. Inú dókítà dùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọwọ́, ó sì búra pé òun kò ní pa ọjọ́ kan jẹ mọ́. Kò sí ẹni tó bèèrè bí Murdo ṣe mú bọ́ọ̀lù gbóná. Wọ́n padà wọlé, Una bu ọbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Crichton, tó wá wò ó bóyá wọ́n ti ń sún mọ́ mẹ́jọ, jókòó síbi tábìlì, ó ki ṣíbí bọ inú àwo rẹ̀, ó sì gbé nǹkan roboto kan jáde.

Ó wò ó títí. Ó ní, "Una, kí ni èyí?"

Una wò ó, ó wo ìkòkò, ó wá wo Murdo. "Akọ̀wé, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀," ló fi dá a lóhùn. "Ẹran ìgbà òtútù a máa le díẹ̀."

Àwọn obìnrin mẹ́ta kan wà tó jẹ́ pé dómínò nìkan ló ń gbé wọn wá, Effie sì ni olórí wọn. Tiwọn tún yàtọ̀. Nígbà òtútù, wọ́n ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko pápá lásán, kó má baà dá egbò sí i lára. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ gbé ẹní kékeré kan dání, kó tẹ́ ẹ, kó gbé bọ́ọ̀lù lé e, kó tó gbá a. Effie ní àwọn kò ní ẹní, àwọn kò sì ní lọ ra ẹní nítorí eré ọmọkùnrin.

Kò pẹ́ tí Murdo fi gbé ẹní mẹ́ta wá. Ẹní náà dára! Ó nípọn, ó pupa dòdò, òdòdó aláwọ̀ wúrà sì wà láàárín rẹ̀. Effie ní òun kò rí ẹní gọ́ọ̀fù tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde pẹ̀lú ìyangàn. Ó di ọjọ́ oúnjẹ Kérésìmesì tí àwọn ìyàwó máa ń bá ọkọ wọn wá. Rhona bá ẹní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n tò wọ́n sí kí yìnyín ara wọn yọ́.

"Effie, níbo lẹ ti rí ẹní yìí?"

"Ọkọ rẹ ló fún wa. Ọlọ́run á bá wa bù kún un."

Rhona bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa òdòdó náà. Ó jẹ ẹran tòlótòló, ó bá wọn kọrin, ó délé, ó wọ́ àga ńlá inú pálọ̀ kúrò níbi tó ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Ojú ihò mẹ́ta tó gún régé ló ń wò ó láti inú kápẹ́ẹ̀tì tí ìyá rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó.

Murdo ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti di fìlà rẹ̀ mú. Ó ní, "Rhona, ìfẹ́ mi, abẹ́ àga ni. Ta ló ń rìn lábẹ́ àga?"

Àwọn tó ṣòro jù ni àwọn ọmọ Lorimer, Hector àti Wattie. Ọmọ ìyá ni wọ́n, òpópónà kan náà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti ń yan ara wọn lódì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, nígbà tí Wattie sọ níwájú gbogbo ayé pé Hector ṣe èrú, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ta bọ́ọ̀lù síwájú nínú koríko. Láti ọjọ́ náà, tí Hector bá wọlé, Wattie á jáde. Nínú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ lè rí lò lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ sì ni méjèèjì ni Murdo nílò kí wọ́n tó pé mẹ́jọ.

Ó lọ bá Hector. "Hector, mo kàn ní kí n yà kí ọ. Wattie ní orúnkún rẹ ti bàjẹ́, pé o ò lè dé ihò kẹta mọ́."

"Orúnkún ta?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o."

Ó kọjá sọ́dọ̀ Wattie. "Wattie, Hector ń bọ̀ lọ́la. Ó ní kí n má wulẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, pé àgbà ti dé sí ọ, ibùsùn ló yẹ ọ́ báyìí."

"Ó sọ pé àgbà ti dé sí *mi*? Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, àwọn méjèèjì ti wà lórí pápá, wọ́n gbé imú sókè, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Gbogbo oṣù kejìlá, Murdo ni ògbufọ̀ wọn. "Sọ fún ọkùnrin yẹn pé òun ló kàn." "Sọ fún un pé mo mọ̀." Ó di ọjọ́ kan, Wattie gbá bọ́ọ̀lù sínú kòtò iyanrìn, Hector kò sì lè pa á mọ́ra mọ́, ó pariwo láti òkèèrè pé, "Wattie, òmùgọ̀ ni ẹ́! Mo ní kí o lo ọ̀pá tó gùn!" Wattie náà yí padà, ó ní, "Ìwọ náà ńkọ́, olójú fífọ́ yìí!" Murdo ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé ojú sókè ọ̀run, ó ní, "Olúwa, a dúpẹ́. Àwọn ará ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀."

Pẹ̀lú gbogbo akitiyan yìí, ọjọ́ kan dé tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí nǹkan bàjẹ́. Ìjì yìnyín jà mọ́jú, ọ̀fìnkìn sì dá Haldane dùbúlẹ̀. Àwọn méje tó kù tò sí ojú fèrèsé, wọ́n ń wo pápá tó funfun bí aṣọ òkú. Crichton dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kí a sọ òtítọ́, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀yin àgbà, méje ni yín. Ẹ má bínú sí mi."

Ninian ti ń wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ láti máa lọ sílé, ó ń rò ó pé oṣù mẹ́ta ló kù kí ilẹ̀kùn yìí tó tún ṣí. Murdo ló dìde, ó jọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ayé ti sú.

"O tọ̀nà, ọmọ mi. Òfin lòfin. Àwa náà ti darúgbó, a ò lágbára mọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ, jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé òótọ́ ni pé o máa ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá odò tó la pápá wa kọjá, láti ibi ìbẹ̀rẹ̀?"

"Kì í ṣe nǹkan ńlá," Crichton dáhùn.

"Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìyẹn. Nínú irú òtútù yìí, kò sí ọmọ ènìyàn tó lè ṣe é."

"Mo lè ṣe é."

"Ẹ̀yin ará, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni. Nígbà tí èmi wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, èmi náà máa ń fọ́nnu."

Crichton fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó jáde bó ṣe wà, tòun ti táì, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ Murdo, ó tẹ́ ẹní Effie olódòdó, ó gbé bọ́ọ̀lù lé e, ó sì gbá a. Bọ́ọ̀lù náà kọjá odò, ó tún lọ jìnnà. Ó yí padà, ojú rẹ̀ ń dán. Murdo na ọwọ́ sí i.

"O kú iṣẹ́! Ìwé òfin tí ìwọ fúnra rẹ kọ, tí o lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn, kí ló sọ? Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ níbi ìbẹ̀rẹ̀..."

Crichton la ẹnu, ó pa á dé. "...ti wọ inú eré."

"Ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ̀yin mẹ́jọ!" Murdo kígbe.

Ọjọ́ náà ni Ninian rìn lẹ́yìn gbogbo wọn nínú yìnyín, ó ń wo akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń wá bọ́ọ̀lù kiri pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì, tí Effie ń pàṣẹ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Elspeth, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹ̀rín náà kò tíì kú sínú òun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé tuntun wà lára ilẹ̀kùn: wọn kì í ka akọ̀wé mọ́ ẹni mẹ́jọ.

Murdo kú lóṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn, lórí àga ńlá inú pálọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́rọ́wọ́ ló lọ. Níbi ìsìnkú, àlùfáà gbìyànjú láti sọ ìtàn adágún, ó ní omi náà mu olóògbé dé orúnkún. Wattie dá a lẹ́nu pé ìbàdí ni. Hector ní kí Wattie dákẹ́, pé àyà ni. Effie ní ọrùn ni, òun rí i pẹ̀lú ojú òun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nídìí ihò mìíràn tó jìnnà ni Effie wà lọ́jọ́ náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn tó dúró létí ibojì rí ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ pé Murdo lè dá sí i ni, omi ìbá bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rín tán, ìgbà òtútù dé. Méje ló kù. Kò sí ẹni tó ń tẹ fèrè mọ́tò níwájú ilé Ninian mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tí Crichton yóò wá kà wọ́n, Ninian jí, ó gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ láti òkun, ó sì pinnu pé òun kò lọ. Kí wọ́n ti ilé náà pa. Ẹni tó ń gbé e ró ti lọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó fẹ́ ṣe ni láti dá bàtà gọ́ọ̀fù Murdo, tí wọ́n kó fún un ní ilé ẹgbẹ́, padà fún Rhona.

Rhona ṣí ilẹ̀kùn. Aṣọ ìwọ̀sùn ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti rù. Nínú pálọ̀, kò ká aṣọ fèrèsé sókè. Ife tíì kan wà lórí tábìlì, tíì inú rẹ̀ ti tutù débi pé nǹkan ti bò ó lójú. Àga kan dojú kọ ògiri, níbi tí àwòrán Murdo wà. Ninian dúró, ó ń wo àga yẹn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Ìyàwó wa, bàtà rẹ̀ ni mo mú wá."

"Fi í síbẹ̀." Rhona jókòó. "Ọjọ́bọ̀ ni òní, àbí? Ṣé o ò lọ?"

"Láti ṣe kí ni? Òun ló fẹ́ràn eré ìgbà òtútù yẹn. Èmi kàn ń tẹ̀ lé e ni."

Rhona wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ta ló fẹ́ràn kí ni?"

"Murdo."

"Murdo?" Ó gbọn orí. "Ninian, ọkọ mi kórìíra òtútù ju ikú lọ. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń fa aṣọ bo orí, tí á máa bẹ̀ mí. 'Rhona, sọ fún wọn pé mo ti kú. Rhona, òtútù òde yẹn, ọ̀bẹ ni, ó máa ń gé eegun.' Èmi á ní ṣé wọ́n fi tipá mú un ni, kó dúró sílé. Á tún máa kùn, á máa wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀. Á ní, 'Tí mi ò bá lọ, Ninian á jókòó ti àwòrán Elspeth títí ilẹ̀ á fi ṣú.'"

Ninian kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín nítorí pé ó gbọ́ ohùn Murdo gan-an nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ omi ló jáde lójú rẹ̀. Odindi ìgbà òtútù kan! Ṣòkòtò tó dì, bọ́ọ̀lù inú ọbẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì ìyá ìyàwó, gbogbo wèrè yẹn, nítorí tòun ni. Ó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn, kò sì sọ ọ́ fún un rí lọ́jọ́ kan. Ní ìlú wọn, ọkùnrin kì í sọ irú rẹ̀ fún ọkùnrin.

Ó nu ojú, ó wo ife tíì náà. Ó lọ ká aṣọ fèrèsé sókè.

"Rhona, lọ wọ aṣọ. Wọ èyí tó nípọn."

"Láti lọ sí ibo?"

"Méje ni wá. Ó ku ẹnì kan."

"Orí rẹ pé? Mi ò gbá gọ́ọ̀fù rí láyé mi."

"Murdo náà kò mọ̀ ọ́n gbá."

Rhona wò ó ní ìwò ibi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá àga mú. "Òótọ́ ni," ó ń wí. "Ọlọ́run dárí jì mí, òótọ́ ni. Kò mọ̀ ọ́n gbá rárá."

Nígbà tí wọ́n dé orí pápá, Crichton ti wà níbẹ̀, ó sì ń kà wọ́n. Ó rí Rhona tó ń bọ̀, ó ṣí fìlà. Kò bèèrè bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ àbí kò ì tíì forúkọ sílẹ̀. Una ti fojú rí wọn láti ojú fèrèsé, èéfín sì ti ń jáde lókè ilé. Hector àti Wattie ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́ Rhona bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú. Effie lé àwọn méjèèjì sẹ́yìn, ó tẹ́ ẹní fún un. Rhona gbá, ó tàsé. Ó tún gbá, bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri, ó dúró nítòsí bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Wọ́n gbéra, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bí wọ́n ti bọ́ kúrò lẹ́bàá ilé, atẹ́gùn òkun kọ lù wọ́n lójú. Rhona dúró lójijì, ó fọwọ́ bo imú, omi sì dà lójú rẹ̀.

"Ninian! Ṣé bó ṣe máa ń tutù tó nìyí?"

"Òní tilẹ̀ sàn. Tó bá di oṣù kìn-ín-ní, á jù báyìí lọ."

Rhona dúró síbẹ̀, ó ń wo pápá náà lọ títí dé etí òkun, gbogbo ibi tí ọkọ rẹ̀ ti rìn.

"Gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́ fún mi," ó wí, "mo rò pé àsọdùn ni."